Omi Eegun Nínú Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ́

"Atọ́wò! Wá tọ́ ọ wò!"

Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe máa ń pariwo látinú ilé ìdáná wa nìyẹn, gbogbo ọjọ́ tí kò bá ti lọ síbi iṣẹ́. Alásè ni. Òun ni kúùkù àgbà ní ilé oúnjẹ ńlá kan tó wà nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ láàárín ìlú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń pè ní Atọ́wò, nítorí pé láti kékeré ni ọmọ náà ti ń kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò. Tí Atọ́wò bá ní iyọ̀ ò tó, iyọ̀ ò tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí èmi bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Aránṣọ ni mí lóòótọ́, pálọ̀ ni ẹ̀rọ mi wà, èmi àti àwọn méjèèjì la sì jọ ń gbé látìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Kò sí ohun tí wọ́n sọ nínú ilé yẹn tí etí mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Atọ́wò sáré wọ ilé ìdáná, ó bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó sì dijú.

"Bàbá, ó dùn o! Kí lẹ fi sí i?"

"Omi eegun ni. Àtàárọ̀ ni mo ti ń sè é." Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. "Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí mò ń sè fún àwọn tí kì í jẹran níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń yìn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá láti ìlú mìíràn, omi eegun yìí náà ni mo fi ń sè é!"

"Irọ́ ni, Bàbá!"

"Òótọ́ ni! Wọ́n á mu ún tán, wọ́n á ní, 'Kúùkù, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀fọ́ lásán ló dùn báyìí?' Èmi á ní, 'Ẹ ṣeun, mà.'"

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bí ti obìnrin sọ ọ́, ó tún ṣe ẹnu bí ẹni tó ń mu ọbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀rín pa wá. Èmi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Atọ́wò ní tiẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú, omi ń jáde lójú rẹ̀.

"Ṣé wọn ò wá lè mọ̀ ni?" ló bi bàbá rẹ̀ nígbà tó rí èémí mí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀? Ẹran ni wọ́n ní àwọn ò jẹ. Wá ẹran kàn fún mi nínú ọbẹ̀ yìí. Mo ti sẹ́ ẹ, ó ti mọ́ kedere. Omi ni!"

Mi ò ní jẹ́ kí ẹ ro ẹ̀gbọ́n mi sí ìkà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló gbìn ín sí i lọ́kàn pé ọbẹ̀ tí kò bá ti ní omi eegun nínú, omi gbígbóná lásán ni. Láti kékeré ló ti gba èyí gbọ́, bí ẹlòmíràn ṣe gbà pé iná ń jó. Ìkòkò méjì ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́, ọ̀kan fún eegun, ọ̀kan fún ẹ̀fọ́. Ti ẹ̀fọ́ yẹn kò kúrò lára ògiri rí, ó ń dán bí dígí. Lójú tirẹ̀, ṣe ló ń ṣàánú àwọn tí kì í jẹran, kí wọ́n má bàa jẹ ìjẹkújẹ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ jáde. Atọ́wò yege. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tá à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín náà yege. Pálọ̀ wa làwọn méjèèjì ti kàwé fún ìdánwò yẹn, mo ń ránṣọ, wọ́n ń pariwo ìṣirò sí mi létí, débi pé èmi gan-an fẹ́ẹ̀ lè jókòó ṣe é. Ìyá àgbà Ẹlẹ́rìn-ín ló tọ́ ọ dàgbà. Agbẹ̀bí ni màmá náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní òun máa gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ jẹun ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́.

Nígbà tí Atọ́wò mú ìròyìn yìí délé, bàbá rẹ̀ fò sókè.

"Ọmọ tèmi! Ọmọ tèmi á jókòó sídìí tábìlì tí mò ń gbé oúnjẹ fún! Àbúrò mi, aṣọ tuntun lo máa rán fún un o!"

"Ta ló máa ra aṣọ?" ni mo bi í.

"Ìwọ náà kẹ̀!"

Ẹ ò rí ìyọnu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi ìka ha igi ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ìyá àgbà Ẹlẹ́rìn-ín kì í jẹran o."

Ṣíbí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró.

"Láti kékeré ni wọn ò ti jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà má fi omi eegun sí i lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn nìkan."

"Kó wá rí bí omi òjò? Ọbẹ̀ yẹn ló gbé orúkọ ilé oúnjẹ yẹn ga. Ọjọ́ tí adùn ẹ̀ bá yí padà, ọ̀gá mi á fẹ́ mọ ohun tó dé, kí ni kí n wí fún un?" Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Gbọ́, Atọ́wò. Ohun tá a bá sọ nínú ilé yìí, inú ilé yìí ló ń gbé. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹ, òun la fi ń rán ẹ nílé ìwé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Èmi náà gbọ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ mi, mo ń ránṣọ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé oúnjẹ náà, Atọ́wò ló sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ tirẹ̀ nígbà tó yá. Mo ti kó ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ta kora.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n dé. Òkè àjà ilé náà ga débi pé téèyàn bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sókè kó tó padà wá. Wọn ò wó ohunkóhun tó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí ṣì wà lára ògiri, ìgò ọtí ni wọ́n wá ń tò sínú wọn. Àwọn fèrèsé onírin aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ti ń ta sítáǹbù ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé ìdáná ló wà lẹ́yìn wọn báyìí. Láti ojú ihò fèrèsé ni àwọn alásè ti ń na abọ́ oúnjẹ sáwọn agbáwo. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì kì í rí ju ọwọ́ wọn lọ.

Atọ́wò mọ ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ náà. Epo gbígbóná ti jó ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ rí, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìyá àgbà ò tíì jókòó. Ó lọ síwájú fèrèsé tó wà ní ìpẹ̀kun, ó fọwọ́ pa irin rẹ̀.

"Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nígbà tí ọkọ mi wà lókè òkun. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá wò ó bóyá lẹ́tà dé. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn kọ sínú lẹ́tà pọ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lẹ́yìn tó dé lọ!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Agbáwo kan wá bá wọn, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé ìwòsàn. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ ṣí ìwé oúnjẹ tó gbé síwájú rẹ̀.

"Èmi kì í jẹran o, ọmọ mi. Kí lẹ ní fún mi?"

"Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wa ni, mà. Ẹ̀fọ́ lásán ni. Ká ní ẹ mọ iye èèyàn tó ń tìtorí ẹ̀ wá síbí."

Ọkùnrin náà kò purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un lòun náà sọ. Atọ́wò sáré dá sí i.

"Ìyá àgbà, ẹ ò ṣe jẹ ìrẹsì? Mo gbọ́ pé ìrẹsì wọn dára."

"Ìrẹsì wà nílé, ọmọ mi. Ọbẹ̀ lára mi ń fẹ́."

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa mu ún," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Lónìí, gbogbo wa ò jẹran!"

Agbáwo lọ. Atọ́wò ń yí ṣíbí rẹ̀ síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Ohun kan ló ń gbàdúrà sí lọ́kàn: kí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹran yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ká màmá náà lára. Bóyá dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́. Bóyá ẹran kàn ń rí i lára ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣíbí omi eegun méjì kò ní ṣe é ní nǹkan, òun á sì lè pa ẹnu òun mọ́ bí bàbá òun ṣe wí. Ó bi í pé, "Ìyá àgbà, kí ló fà á tẹ́ ẹ kì í fi í jẹran?"

Ìyá àgbà fẹ̀yìn ti àga.

"Mo ní àgùntàn kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó bí i, èmi ni mo fi ìgò fún un lọ́mú títí ó fi tóbi. Tí mo bá ń lọ sílé ìwé, á sìn mí dé igun ọ̀nà. Tí mo bá ń bọ̀, á ti dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dé, mi ò rí i. Ebi ti pa mí, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹun. Mo jẹun gan-an. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún un. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán, àbúrò bàbá mi bi mí pé, 'Ṣé ó dùn?' Mo ní ó dùn. Ó ní, 'Àgùntàn rẹ ni.'"

"Háà!" Ẹlẹ́rìn-ín, tó ti gbọ́ ìtàn náà rí, tún ṣe háà.

"Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò fi ìkà ṣe é, ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n fẹ́ràn mi. Àwàdà ni lójú wọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ fúnra rẹ̀. "Látọjọ́ náà ni mi ò ti fi ohunkóhun tó bá ti ara ẹran wá kan ẹnu mọ́. Mo ti gbàgbé bí ẹran ṣe rí lẹ́nu. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò gbàgbé."

Atọ́wò sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ fún mi. Ó rí ara rẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná wa, tó di ikùn mú, tí omi ẹ̀rín ń jáde lójú rẹ̀.

Ọbẹ̀ dé. Kí ìyá àgbà tó mú ṣíbí, Atọ́wò ti sáré bu tirẹ̀ sẹ́nu. Ó gbóná, ó jó o láhọ́n. Ó ń retí pé bóyá bàbá òun ti ro ọ̀rọ̀ òun, bóyá lónìí kò fi í sí i.

Ó fi í sí i. Ọbẹ̀ ilé wa ni, kò sí iyèméjì níbẹ̀.

Ìyá àgbà ti na ọwọ́ sí ṣíbí. Atọ́wò nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú iyọ̀, ó fi apá gbá abọ́ màmá náà, ọbẹ̀ sì dà sórí aṣọ tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!"

"Kò tó nǹkan, ọmọ mi. Kò ṣáà jó ọ?"

"Ojú ilé ńlá ló ń dà á láàmú," ni Ẹlẹ́rìn-ín fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkàn Atọ́wò balẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi ìgbà tí agbáwo dé, tó nu tábìlì, tó tún ní, "Ẹ má ṣèyọnu rárá, mà, a máa gbé òmíràn wá." Ó lọ síwájú fèrèsé sítáǹbù. Ọwọ́ tó ní àpá gbé abọ́ tuntun jáde, ó fi aṣọ funfun nu etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì yọ láàárín irin. Bàbá rẹ̀ ni. Ó wá ọmọ rẹ̀ kàn nínú aṣọ tuntun tí mo rán, ó ṣẹ́jú sí i, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ọkùnrin náà ń yangàn ni.

Wọ́n gbé abọ́ síwájú ìyá àgbà. Ó bu ọbẹ̀, ó fẹ́ ẹ sí i, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu.

Atọ́wò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má mu ún, ìyá àgbà. Omi eegun ni wọ́n fi sè é."

"Rárá o!" ni agbáwo wí. "Ẹ̀fọ́ lásán ni, mà. Ta ló sọ ìyẹn fún ọ, ọmọ yìí?"

"Bàbá mi ni." Atọ́wò ò tíì fi ọwọ́ màmá náà sílẹ̀. "Bàbá mi ló sè é."

Òkè àjà ga, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó sì balẹ̀ sórí gbogbo tábìlì. Àwọn tó ń jẹun gbé ojú sókè. Ọkùnrin kan rọra ti abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀.

Máníjà jáde wá, obìnrin tó wọ kóòtù dúdú. Ó bẹ̀bẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ránṣẹ́ pe kúùkù. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ẹ̀rín ò tíì tán lójú rẹ̀, torí ó rò pé wọ́n fẹ́ yìn ín ni.

"Kúùkù," ni máníjà wí, "ọmọ yìí ní omi eegun wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni, kí kálukú máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ rẹ̀. Kò ṣòro. Kó kàn ní irọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Òun tó jẹ́ alásè àgbà ni wọ́n máa gbà gbọ́, Atọ́wò á sì padà sílé pẹ̀lú orúkọ òpùrọ́ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìyá àgbà. Ó sọ fún mi pé òun ti la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ọmọ mi kì í purọ́ nídìí ọbẹ̀," ló wí.

Máníjà gbá orí mú. Ẹ̀gbọ́n mi yí sí ìyá àgbà kíákíá.

"Ṣùgbọ́n ẹran ò sí nínú ẹ̀, mà. Mo sẹ́ ẹ dáadáa. Omi lásán ni. Mo fẹ́ kó dùn mọ́ yín lẹ́nu ni."

"Mo gbà pé ẹ fẹ́ kó dùn," ni ìyá àgbà dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dá mi lóhùn. Ká ní mo bi yín kí n tó fẹnu kàn án pé kí ló wà nínú ẹ̀, ṣé ẹ máa sọ fún mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo ilẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Kò pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Oúnjẹ tó bá sè, á bu ti kálukú sínú abọ́, á gbé e sórí tábìlì. Kò pe Atọ́wò kó wá tọ́ ohunkóhun wò mọ́. Ọmọ náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á dúró títí, á padà sí yàrá. Mo máa ń gbọ́ tó ń sunkún, tó ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí a má bàa gbọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín náà ò wá sílé wa mọ́. Ohun tó ń bí i nínú ni pé Atọ́wò mọ̀ kí wọ́n tó lọ, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ń sọ pé ọmọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń kọjá lọ yẹn. Nǹkan wá le fún wa. Èmi nìkan ló ń mú owó wọlé, mo ń ránṣọ títí ọrùn fi ń ro mí. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà bínú sí i. Lọ́jọ́ kan, mo sọ̀rọ̀ sí i gan-an.

"Ṣé o ò lè sọ ọ́ sí màmá yẹn létí wúyẹ́wúyẹ́ ni? Ṣé dandan ni kí gbogbo ayé gbọ́?"

Ó wò mí pẹ̀lú ojú tó ti wú. "Mi ò mọ̀ pé ohùn mi máa lọ tó bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù tó máa mu ún lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

Mo yí padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ìgbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Lónìí á jó àlùbọ́sà títí á fi dúdú. Lọ́la á sá olú sóòrùn. Á se omi ẹ̀wà, á yan tòmátì, á fi aáyù sí i, á yọ aáyù kúrò. Ó fún mi ní ọ̀kan tọ́ wò.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́."

"Lọ rán aṣọ ẹ!" Ó dà á nù, ó tún òmíràn gbé kaná. Mi ò mọ ohun tó ń wá, mi ò sì bi í. Mo kàn mọ̀ pé ọkùnrin tó ti sọ pé omi gbígbóná lásán ni ọbẹ̀ tí kò ní eegun, òun ló ń jà pẹ̀lú omi gbígbóná yìí látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, mo kàn gbọ́ ni.

"Atọ́wò! Wá tọ́ ọ wò!"

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ti sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó mọ̀. Mo tẹ̀ lé e, mo yọjú. Ó bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó lá a, ó dijú. Bàbá rẹ̀ ò mí.

"Bàbá?"

"Hẹn?"

"Iyọ̀ ò tó."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sọ pé, "Má bínú. Èmi ni mo gbé ẹrù yẹn rù ọ́. Má bínú." Mo padà sí pálọ̀. Aṣọ tí mò ń gé, mo ti gé e wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni a gbé ọbẹ̀ sínú fúláàsì, a lọ sílé ìyá àgbà. Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Òun àti Atọ́wò wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. Kó tó ṣí fúláàsì rárá, ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Àlùbọ́sà tí mo jó ló wà nínú ẹ̀, mà. Olú gbígbẹ wà níbẹ̀, àti tòmátì yíyan, kárọ́ọ̀tì, omi ẹ̀wà, ata àti iyọ̀. Ìkòkò tuntun ni mo fi sè é. Kò sí nǹkan mìíràn."

Ìyá àgbà fetí sí i títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló yí sí Atọ́wò.

"Ìwọ ti tọ́ ọ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó ṣe wí ló rí."

Ó gba ṣíbí, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ó mu ún tán. Ó gbé abọ́ náà padà fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ẹ fi kún un." Ìgbà yẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín fa Atọ́wò lọ́wọ́, tí wọ́n wọ yàrá lọ.

Wọn ò dá iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ padà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìwòsàn tí ìyá àgbà ti ṣiṣẹ́ ló gbà á sí ilé ìdáná wọn. Kò sí òkè àjà gíga níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò méjèèjì ló ń lò, ti eegun àti ti ẹ̀fọ́, bí aláìsàn kan bá sì béèrè ohun tó wà nínú oúnjẹ, á ti ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni náà tó béèrè tán.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn tó fẹ́ràn yín, tí ẹ̀yin náà fẹ́ràn, máa ní kí ẹ bá àwọn pa ẹnu mọ́ lórí ohun tí ẹ mọ̀ pé kò dára. Kì í rọrùn. Ó lè gba oúnjẹ lẹ́nu yín fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì tètè sọ ọ́, kó tó di pé ẹnìkan gbé ṣíbí sẹ́nu. Ohun tí èèyàn bá pinnu pé òun ò ní jẹ, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ọgbọ́n àrékérekè fi í sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ omi lásán, ì báà dùn bí oyin. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.